Bí A Ṣe Ń Fi Mílíìkì àti Wàrà Mú Sọ́séèjì Ilé Dùn

Bí sọ́séèjì bá wà nínú páànù, tí omi àti ọ̀rá ń tú jáde lára rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ sì ń sún kì, adùn rẹ̀ ló ń lọ yẹn. Òórùn aáyù, ata funfun àti nọ́tímẹ́ẹ̀gì tí a fi owó rà, inú ọ̀rá àti omi ẹran ni wọ́n ń gbé. Ohun tó bá ti ṣàn sínú páànù kò ní dé ẹnu ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ mọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe sọ́séèjì nílé tàbí tí wọ́n ń ṣe é tà a máa rò pé èròjà ló kù díẹ̀ káàtó, wọ́n á tún bu magí àti kọ́rì sí i. Ohun tó kù gan-an ni ohun tí yóò di omi àti ọ̀rá náà mú. Mílíìkì oníyẹ̀fun mọ iṣẹ́ yìí ṣe dáadáa, kò sì sí ọjà tí a kò ti lè rí i rà. Ṣùgbọ́n ó ní ìwọ̀n tirẹ̀, ó sì ní àsìkò tí à ń dà á sí i, àwọn méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í bìkítà sí.

Iṣẹ́ tí mílíìkì ń ṣe nínú ẹran

Nǹkan mẹ́ta ló ń ṣe, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó ní kí ẹran máa run mílíìkì. Bí ẹni tó jẹ ẹ́ bá lè sọ pé mílíìkì wà nínú rẹ̀, ó ti pọ̀ jù nìyẹn.

Àkọ́kọ́ ni pé ó ń di nǹkan mú. Oríṣi purotéènì méjì ló wà nínú mílíìkì màlúù. Kaséènì ni èyí tó pọ̀ jù, ó tó ìdá 80 nínú 100. Ìdá 20 tó kù ni purotéènì tó máa ń bá omi wàrà lọ. Kaséènì a máa bo ẹ̀kán ọ̀rá kéékèèké lára, kò ní jẹ́ kí wọ́n rí ara wọn kí wọ́n sì di epo kan ṣoṣo tí yóò ṣàn jáde. Ìkejì ní tirẹ̀ a máa dì tí ooru bá ti kọjá nǹkan bí 70°C, omi tó bá bá a níbẹ̀ á sì há mọ́ inú ẹran.

Èkejì ni ṣúgà inú mílíìkì, èyí tí wọ́n ń pè ní láktóòsì. Nínú mílíìkì oníyẹ̀fun tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀ kúrò, ṣúgà yìí kó nǹkan bí ìdajì. Adùn rẹ̀ kò tó ti ṣúgà tí a ń fi mu tíì rárá, kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í sọ ẹran di ìpápánu aládùn. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń rọ iyọ̀ lójú, ó sì ń bo ìkorò èròjà tó bá fẹ́ le lẹ́nu mọ́lẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tó máa ń hù lára ẹran nínú páànù, àti òórùn ẹran díndín tó ń bá a rìn. Láktóòsì tó bá pàdé purotéènì ẹran lórí iná ló ń fa èyí. Ará Faransé kan tó ń jẹ́ Louis-Camille Maillard ló kọ́kọ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà ní 1912, orúkọ rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ oúnjẹ ṣì fi ń pè é títí dòní. Nítorí ṣúgà yìí náà ni sọ́séèjì tó ní mílíìkì fi ń tètè jóná ju èyí tí kò ní lọ. A ó tún padà sórí èyí níbi dídín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ata, ẹ fetí sílẹ̀: kaséènì máa ń dì mọ́ ohun tó ń mú kí ata ta lẹ́nu. Bí ẹ bá fẹ́ kí sọ́séèjì yín ta bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n, ẹ fi díẹ̀ kún ata gbígbẹ tí ẹ máa ń lò. Ní ti iyèré àti ata funfun, ohun mìíràn ló ń mú kí àwọn yẹn ta.

Mílíìkì wo la máa rà?

Èyí tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀ ni kí ẹ wá, ẹ ó rí "skimmed milk powder" lára páálí tàbí àpò rẹ̀. Purotéènì inú rẹ̀ máa ń wà láàárín ìdá 34 sí 36 nínú 100, èyí tó ní ọ̀rá kì í sì í ju nǹkan bí ìdá 26 lọ. Purotéènì yìí gan-an la ń wá. Ọ̀rá mílíìkì tún máa ń yára bàjẹ́ nínú ooru wa, á sì gbé òórùn tí kò dáa bá ẹran.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti la ojú yín sílẹ̀ dáadáa ni àwọn sáṣẹ́ẹ̀tì tó kún ọjà. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe mílíìkì nìkan. Wọ́n yọ ọ̀rá mílíìkì, wọ́n sì fi ọ̀rá igi, ọ̀pẹ ló sábà máa ń jẹ́, rọ́pò rẹ̀. Kò burú fún tíì àti ògì, òfin sì gbà á láyè, ṣùgbọ́n fún sọ́séèjì, ọ̀rá tí a kò nílò la fi owó rà yẹn. Ẹ yí sáṣẹ́ẹ̀tì náà sẹ́yìn kí ẹ ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí "vegetable fat", ẹ dá a padà sórí àtẹ. Bí ẹ bá rí ṣúgà níbẹ̀, ẹ má tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Mílíìkì inú agolo tí kò ní ṣúgà ṣe é lò bí oníyẹ̀fun bá wọ́n, màá sọ bí a ṣe ń ṣe é níwájú. Èyí tó ki tó sì dùn gan-an, tí àwọn ọmọdé máa ń lá, kò sí fún iṣẹ́ yìí.

Ohun tí a máa kó sílẹ̀

Èyí máa fún yín ní sọ́séèjì kílò kan:

Ẹran màlúù tí kò lọ́ràá, tí kò sì ní egungun, 650 gíráàmù
Ọ̀rá igẹ̀ màlúù, 200 gíráàmù
Yìnyín tí ẹ fọ́ wẹ́wẹ́, 100 gíráàmù
Mílíìkì oníyẹ̀fun tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀, 30 gíráàmù
Iyọ̀, 15 gíráàmù
Ata funfun, 2 gíráàmù
Aáyù gbígbẹ lílọ̀, 2 gíráàmù
Nọ́tímẹ́ẹ̀gì lílọ̀, 1 gíráàmù
Atalẹ̀ gbígbẹ lílọ̀, 1 gíráàmù

Ẹni tó bá fẹ́ ti adìẹ lè fi ẹran itan adìẹ tí ó ti yọ egungun rẹ̀ dípò ẹran màlúù, kí ó sì fi awọ adìẹ dípò ọ̀rá. Ọ̀rá adìẹ tètè ń yọ́, nítorí náà òtútù rẹ̀ gbọ́dọ̀ ju ti màlúù lọ.

Mílíìkì inú ìlànà yìí jẹ́ ìdá 3 nínú 100. Ẹ jẹ́ kó mọ síbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin ẹran wọn kò gbà kí irú ohun ìdìmú bẹ́ẹ̀ ju ìdá 3.5 nínú 100 lọ nínú sọ́séèjì bíi frankfurter àti bologna, torí wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi mílíìkì àti omi rọ́pò ẹran fún oníbàárà. Adùn pàápàá fara mọ́ òfin náà. Tí mílíìkì bá ti kọjá ìdá 5, sọ́séèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ pẹ̀tẹ̀ bíi mọ́ínmọ́ín tí omi rẹ̀ pọ̀ jù, ẹnu kò sì ní rí ẹran jẹ mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe é tà, ẹ ra síkéèlì oníná kékeré tó lè wọn gíráàmù kan. Ṣíbí ò ṣeé gbára lé níbí, torí mílíìkì ilé-iṣẹ́ kan fúyẹ́, ti òmíràn sì wúwo. Ẹ ra tamómítà oúnjẹ pẹ̀lú, èyí tó ní ẹnu ṣóńṣó tí a lè kì bọ inú ẹran. Bí owó bá máa ká ọ̀kan ṣoṣo, mo fẹ́ kó jẹ́ tamómítà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: kí gbogbo nǹkan tutù

Ẹ gé ẹran àti ọ̀rá sí wẹ́wẹ́ bí ìtẹ́lẹ̀ àtàǹpàkò, ẹ tẹ́ wọn sórí tíréè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ kó wọn sínú fírísà títí etí wọn yóò fi le díẹ̀ tí àárín wọn kò sì tíì dì. Ẹ kó abẹ ẹ̀rọ ìlọran àti abọ́ tí ẹ máa fi pò ó síbẹ̀ pẹ̀lú.

Òtútù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó nìkan. Ọ̀rá tó bá ti yọ́ kí ó tó wọ inú ẹran, kò sí mílíìkì tó lè mú un dúró mọ́. Níbi tí iná ọba kò bá ti dúró, ẹ ra yìnyín lọ́wọ́ àwọn tó ń ta á, ẹ fọ́ ọ sínú bàsíà ńlá, ẹ wọ́n iyọ̀ lé e lórí kó lè tutù sí i, kí ẹ wá gbé abọ́ tí ẹ ń lò sí àárín rẹ̀. Ìta abọ́ ni yìnyín ọjà yẹn máa wà o. Èyí tó máa wọ inú ẹran gbọ́dọ̀ jẹ́ omi tó ṣeé mu, tí ẹ̀yin fúnra yín mú kó dì.

Ìgbésẹ̀ kejì: lílọ̀

Ẹ lọ ẹran lọ́tọ̀, ẹ lọ ọ̀rá lọ́tọ̀. Ẹ̀rọ ìlọran kékeré tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí dára púpọ̀. Ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń lọ ata lọ́jà. Ẹ̀rọ wọn máa ń gbóná, ọ̀rá á ti yọ́ kí ẹ tó gbà á lọ́wọ́ wọn, ata àti ẹ̀gúsí àwọn ẹlòmíràn á sì ti bá ẹran yín lọ. Bí ẹ bá ti lọ̀ wọ́n tán, ẹ dá wọn padà sínú òtútù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: iyọ̀ ló ń ṣáájú

Ẹran tí kò lọ́ràá nìkan ni ẹ máa kọ́kọ́ kó sínú abọ́. Ẹ da gbogbo iyọ̀ sí i, àti ìdajì yìnyín. Kò tíì kan mílíìkì. Ẹ máa pò ó, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́, kí ẹ máa ká a bọ ara rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ á máa já sí wẹ́wẹ́ bí ẹran lílọ̀ ṣe máa ń rí. Tó bá yá, ẹ ó rí i pé ó ń dán, ó sì ń fà, pé ó ń lẹ̀ mọ́ ìka tí kò sì fẹ́ kúrò níbẹ̀. Iyọ̀ ló ti fa purotéènì ẹran jáde yẹn, òun sì ni ìpìlẹ̀ tí mílíìkì máa dúró lé.

Kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó ti tó, ẹ bu èyí tó tó ẹyin kan, ẹ gbá a mọ́ àtẹ́lẹwọ́ kí ó tẹ́, kí ẹ wá dojú ọwọ́ náà délẹ̀. Bí ó bá já bọ́, ẹ máa pò ó lọ. Bí ó bá rọ̀ mọ́ ọwọ́ tí kò já, ó ti tó.

Ibí yìí ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ lọ́wọ́, nítorí wọ́n ti da mílíìkì, iyọ̀ àti èròjà papọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mílíìkì gbígbẹ a máa fa omi kíákíá. Bí ó bá ṣáájú iyọ̀, ó ti mu omi tí iyọ̀ máa fi ṣiṣẹ́ tán. Ẹran kò ní fà, ẹ ó wá ní sọ́séèjì tó ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ nígbà tí ẹ bá gé e, bẹ́ẹ̀ mílíìkì tó wà nínú rẹ̀ tó.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ọ̀rá

Ẹ kó ọ̀rá tútù sí i, ẹ pò ó títí ẹ kò fi ní rí funfun rẹ̀ ní ibì kan kó pọ̀ ju ibòmíràn lọ. Ẹ ṣe é kíákíá, ooru ọwọ́ wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ ìpo-nǹkan, kó lò ó fún ibí yìí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ó wá kan mílíìkì

Ẹ jọ mílíìkì kí ó má ní kókó, ẹ pò ó pọ̀ mọ́ èròjà gbígbẹ yòókù nínú àwo kékeré. Ẹ wá máa wọ́n ọn lé ẹran lórí díẹ̀díẹ̀, ẹ má dojú rẹ̀ dé lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì máa fi ìdajì yìnyín tó kù tẹ̀ lé e. Ibi tí ó bá ti kó jọ láìrí omi, kókó funfun ló máa dà, kókó náà kò sì ní yọ́ mọ́ títí ẹ ó fi jẹ ẹ́.

Ẹ pò ó fún ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta sí i. Ẹ ki tamómítà bọ̀ ọ́: kò gbọdọ̀ kọjá 12°C. Bí ó bá ti ń sún mọ́ ọn, ẹ dúró, ẹ gbé e sínú fíríìjì kí ó sinmi kí ẹ tó máa bá a lọ.

Ẹni tó bá ń lo mílíìkì agolo tí kò ní ṣúgà, ẹ dà á sínú àwo yìnyín lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú kí ó dì. Nínú irú mílíìkì bẹ́ẹ̀, ìdá mẹ́rin kan ni mílíìkì gidi, omi ló kù. Nítorí náà, 120 gíráàmù rẹ̀ ní mílíìkì gbígbẹ 30 gíráàmù nínú àti omi 90 gíráàmù. Èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ohun tí ìlànà wa ń fẹ́ mu, yìnyín 10 gíráàmù péré lẹ máa fi kún un. Ẹ fi yìnyín yìí pò ó mọ́ iyọ̀ ní ìgbésẹ̀ kẹta, kí mílíìkì dídì wọlé níbí. Ẹran kò ní fà tó bẹ́ẹ̀ torí omi kò tíì pọ̀, ẹ fi sùúrù pò ó pẹ́ díẹ̀ sí i. Adùn rẹ̀ á ní ìwà ọ̀tọ̀, òórùn mílíìkì tó ti rí iná tẹ́lẹ̀ á hàn díẹ̀. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ nínú sọ́séèjì adìẹ, n kò fẹ́ràn rẹ̀ nínú ti màlúù.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ tọ́ ọ wò

Ẹ má tíì kì í sínú ìfun. Ẹ bu 50 gíráàmù, ẹ tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, ẹ dín in lórí iná kékeré láìfi epo sí páànù. Ẹ wo ìdí páànù. Bí ó bá ti jiná, ẹ tún un wọ̀n. Bí ẹ bá fẹ́ fi ojú ara yín rí iṣẹ́ tí mílíìkì ń ṣe, kí ẹ tó da mílíìkì sí i ní ìgbésẹ̀ karùn-ún, ẹ yọ 50 gíráàmù sẹ́yìn, ẹ wọ́n èròjà díẹ̀ sí i, kí ẹ dín àwọn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Omi funfun àti ọ̀rá á yọ lábẹ́ èyí tí kò ní mílíìkì, etí rẹ̀ á ká sókè, àárín rẹ̀ á wú. Ìkejì á tẹ́ pẹlẹbẹ bó ṣe wà, ara rẹ̀ á sì tètè pọ́n. Síkéèlì á sọ ìyókù fún yín.

Bí iyọ̀ bá kù, àsìkò yìí lẹ máa fi kún un. Ẹ rántí pé mílíìkì ń rọ iyọ̀ lójú. Ẹ má tìtorí ìyẹn bu ọ̀pọ̀ lé e, nítorí ó tún máa ń hàn sí i bí sọ́séèjì bá tutù.

Ìgbésẹ̀ keje: kíkì sínú ìfun

Ìfun àgùntàn ló dára jù fún sọ́séèjì tínínrín. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi, ẹ fọ iyọ̀ inú rẹ̀ dànù dáadáa. Ẹ má kì í kó le jù, torí mílíìkì àti yìnyín á fẹ̀ díẹ̀ lórí iná. Bí afẹ́fẹ́ bá há sínú rẹ̀, ẹ fi abẹ́rẹ́ tó mọ́ gún un. Ẹni tí kò bá ní ìfun lè fi ọwọ́ tútù rọ ọ́ bí ìka, kó wé e sínú fóìlì, kó sì lọ́ etí rẹ̀ méjèèjì pinpin. Ẹ jẹ́ kí ó sun fíríìjì mọ́jú.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: sísè

Ẹ má bọ̀ ọ́ nínú omi tó ń hó. Ẹ gbé omi kaná títí yóò fi dé 75 sí 80°C, ìyẹn ni pé èéfín ń rú lójú rẹ̀ ṣùgbọ́n kò tíì ta pókópókó, kí ẹ tó kó sọ́séèjì sí i. Ẹ tọ́jú iná kó má gòkè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Omi híhó á mú kí purotéènì fún ara rẹ̀ pọ̀ lójijì, á sì tì gbogbo ohun tí mílíìkì ń dì mú síta.

Ẹ yọ ọ̀kan, ẹ ki tamómítà bọ àárín rẹ̀ láti orí. Ti màlúù gbọ́dọ̀ dé 71°C, ti adìẹ gbọ́dọ̀ dé 74°C. Ẹ má fi àwọ̀ inú rẹ̀ ṣe ìdájọ́, nítorí mílíìkì máa ń mú kí inú ẹran funfun díẹ̀ kí ó tó jiná. Bí ó bá ti dé ibẹ̀, ẹ kó o sínú omi yìnyín lójú ẹsẹ̀. Ara rẹ̀ kò ní hun jọ, ọ̀rá inú rẹ̀ á sì dì síbi tó wà.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: dídín

Ó ti jiná, àwọ̀ àti òórùn nìkan la tún ń wá. Epo ẹ̀pà díẹ̀, iná kékeré, kí ẹ máa yí i. Láktóòsì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kò ní sùúrù: lórí iná ńlá, ara rẹ̀ á dúdú kí inú rẹ̀ tó gbóná, adùn tí ẹ ti ń bò látàárọ̀ á sì korò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń yan án lórí èédú, ẹ gbé e jìnnà sí ojú iná.

Wàrà nínú sọ́séèjì

Àwọn ará Ọ́síríà ní sọ́séèjì kan tí wọ́n ń pè ní Käsekrainer, wọ́n máa ń gé ṣíìsì wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, ìdá 10 sí 20 nínú 100. Ṣíìsì náà á yọ́, á sì tú síni lẹ́nu. Wàrà tí àwọn ìyá Fúlàní ń ṣe fún wa, tí wọ́n ń fi omi ara ewé bọmubọmu mú kó dì, kì í yọ́. Ẹ ti rí i bí ó ṣe ń dúró gbọin nínú epo gbígbóná. Lójú tèmi, ó wúlò ju ṣíìsì olówó ńlá lọ níbí, torí kò ní ṣàn, kò sì ní ba ìdìmú ẹran jẹ́. Ewé ló sì mú un dì, kì í ṣe ohun inú ẹran, èyí tó máa tẹ́ àwọn oníbàárà tí wọ́n ń bèèrè bóyá oúnjẹ jẹ́ halal lọ́rùn.

Kì í dùn lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí náà a gbọ́dọ̀ ràn án lọ́wọ́. Ẹ tún un bọ̀ kí ẹ tó lò ó, ẹ gbé nǹkan wúwo lé e lórí nínú aṣọ mímọ́ kí omi inú rẹ̀ ro dànù, ẹ gé e sí wẹ́wẹ́ bí ẹ̀wà ńlá, ẹ fi iyọ̀ àti iyèré pa á lára. Ẹ dín in kí ara rẹ̀ pọ́n, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá nínú fíríìjì, kí ẹ wá fi 100 gíráàmù sí kílò ẹran kan lẹ́yìn tí pípò bá ti parí. Ọwọ́ ni kí ẹ fi pò ó, ẹ̀rọ á fọ́ ọ. Ojú ibi tó pọ́n yẹn ló máa mú adùn rẹ̀ jáde.

Ẹ̀dọ̀, yọ́gọ́ọ̀tì àti nónò

Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹ̀dọ̀ sínú sọ́séèjì, ẹ gé e, ẹ rẹ ẹ́ sínú mílíìkì olómi nínú fíríìjì fún wákàtí kan tàbí méjì. Ìkorò rẹ̀ á dín kù, òórùn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ náà á wálẹ̀. Ẹ da mílíìkì yẹn nù.

Yọ́gọ́ọ̀tì àti nónò ní tiwọn dára fún ẹran odindi tí a fẹ́ yan, bíi itan adìẹ. Ẹ má dà wọ́n sínú ẹran sọ́séèjì o. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ìmọ́tótó. Purotéènì ẹran kì í lè di omi mú mọ́ bí kíkan rẹ̀ bá ti sún mọ́ nǹkan bí pH 5.2 (pH ni wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe kan tó, bó bá ṣe kéré tó ni nǹkan náà ṣe kan tó), yọ́gọ́ọ̀tì sì kan ju ìyẹn lọ dáadáa. Ẹ ó ti fi ọwọ́ ọ̀tún tú ohun tí ẹ fi ọwọ́ òsì dì. Mílíìkì tí kò kan kò ní wàhálà yìí: ní Rethel, ní ilẹ̀ Faransé, ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ẹyin àti mílíìkì ni wọ́n fi ń ṣe sọ́séèjì funfun wọn tó lókìkí, wọn kì í fi ìyẹ̀fun kankan sí i.

Bí ó bá lọ lọ́nà tí ẹ kò fẹ́

Bí ọ̀rá bá yọ tó sì dì sí ẹ̀gbẹ́ ìfun lẹ́yìn sísè, ooru ló ṣe é, yálà nígbà pípò tàbí nínú omi. Kì í ṣe mílíìkì ló kéré, ẹ má fi kún un. Bí ó bá ń fọ́ sí wẹ́wẹ́, iyọ̀ kò rí àyè ṣiṣẹ́; ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kẹta. Bí ó bá rọ̀ tó sì dùn bíi búrẹ́dì, mílíìkì ti pọ̀ jù tàbí ṣúgà ti wà nínú èyí tí ẹ rà. Bí ó bá gbẹ lẹ́nu pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, ẹ wo ọ̀rá yín, ó lè jẹ́ pé ẹ dín in kù nítorí ìlera. Ọ̀nà àbáyọ wà fún ìyẹn: mílíìkì lè dé ìdá 3.5, kí yìnyín sì fi 30 gíráàmù lé sí i.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tà á

Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sára àpò pé mílíìkì wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà láàárín wa ni mílíìkì máa ń da inú wọn rú nítorí láktóòsì. Fún irú wọn, ewu rẹ̀ kéré: sọ́séèjì 50 gíráàmù nínú ìlànà yìí kò ní ju láktóòsì gíráàmù kan lọ, nígbà tí ife mílíìkì kan ní nǹkan bí 12. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ mílíìkì pátápátá ni kò gbọdọ̀ kàn án rárá, ìwọ̀nba díẹ̀ pàápàá lè ṣe é ní jàǹbá, kò sì sí bó ṣe máa mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Bí ẹ bá fẹ́ kó o sínú àpò tí ẹ ó máa gbé lọ sí ilé ìtajà, ẹ lọ gba ìwé NAFDAC.

Sọ́séèjì tó ti jiná lè lo ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin nínú fíríìjì tó wà ní 4°C, ó sì lè lo oṣù kan sí méjì nínú fírísà. Mílíìkì ń fún kòkòrò àìfojúrí lóúnjẹ bí ẹran ṣe ń fún un, nítorí náà bí iná bá lọ tí fírísà yọ́, ẹ ki tamómítà bọ̀ ọ́: èyí tó bá ti kọjá 4°C fún ju wákàtí méjì lọ kì í ṣe títà mọ́, kì í sì í ṣe jíjẹ.